Ìlà pupa ń yọ láti ìdí nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, sítọ́ọ̀dù kan sì ti já: ṣé típà yìí ṣì lè ru gíránáìtì?

Onitipa_ObaIle

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Típà Mack ni mo ní, onítáyà mẹ́wàá, sítọ́ọ̀dù (irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà lójú họ́ọ̀bù (irin àárín tí rímù ń jókòó lé) kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì ẹ̀ sì ni irú èyí tí wọ́ṣà ti wà mọ́ ìdí ẹ̀ látilẹ̀ tó ń yí lọ́tọ̀. Gíránáìtì la máa ń kó láti kúárì kan lọ́nà Ìta-Ògbólú wá sí Akúrẹ́, nígbà míì a lè gbé e dé Ọ̀wọ̀ tàbí Oǹdó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pààrọ̀ táyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn lápá òsì, fọkanáísà fi gọ́ọ̀nù (ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń yí nọ́ọ̀tì) dì í, ó ní ó ti parí, mọ́tò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí ni dírẹ́bà pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Mo débẹ̀ mo rí i pé ìlà pupa tín-ín-rín ti yọ láti ìdí nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó wà lórí ọ̀dà funfun rímù yẹn kedere, kì í ṣe pé ó ṣàn wálẹ̀ o, ó tàn láti àárín lọ síta ni. Nọ́ọ̀tì kan ò sí níbẹ̀ rárá, sítọ́ọ̀dù ẹ̀ ti já mọ́ ojú rímù, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, apá kan ojú ibi tó ti já yẹn dúdú, apá kejì ń dán bí irin tuntun.

Dírẹ́bà ní ká fi páìpù kún sípánà ká di àwọn tó kù kó le gan-an, pé mẹ́sàn-án tó kù á gbé e. Mọ́tò bọ́ì ní ká pe wẹ́dà kó wẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Ẹni tó ń kọ́lé tí mo fẹ́ kó òkúta fún ti sanwó, ó sì ń pè mí láti àárọ̀. Ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́ títí di Sátidé kí n tó tún un ṣe ni àbí kí n dá a dúró báyìí? Àti pé kí ló fà á gan-an, torí táyà tuntun ni, rímù ọ̀hún náà ni wọ́n ti ń lò látilẹ̀.

Fitter_OkeAro

Ẹ má gbé mọ́tò yẹn kúrò níbi tó wà sà. Ẹ pe ẹni tó sanwó yẹn, ẹ sọ fún un pé mọ́tò bàjẹ́, torí ó bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ n là á yé yín kí ẹ̀yin náà lè là á yé dírẹ́bà, torí ohun tó sọ yẹn, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Sítọ́ọ̀dù kọ́ ni rímù gbé ara lé. Tí nọ́ọ̀tì bá le dé ibi tó yẹ kó le dé, sítọ́ọ̀dù á nà díẹ̀, nínà tí ojú ò lè rí, bó ṣe fẹ́ sún padà sí bó ṣe wà ló fi máa ń fa rímù mọ́ ojú họ́ọ̀bù pinpin. Fífún tó fún rímù mọ́ họ́ọ̀bù yẹn ló ń gbé ẹrù yín. Tó bá wá dín, rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ síwá sẹ́yìn, kékeré báyìí, ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n gbogbo bí táyà ṣe ń yí ló ń tẹ sítọ́ọ̀dù lọ tó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, irin tí wọ́n bá sì ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ bẹ́ẹ̀ á sán, kò sí bó ṣe nípọn tó.

Ojú ibi tó já tí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò yẹn gan-an ló sọ ìtàn ara ẹ̀. Apá tó dúdú yẹn ti sán tipẹ́, omi àti ìdọ̀tí ti ráyè wọ ibẹ̀. Apá tó ń dán ni irin tó ṣẹ́kù tó ń dá gbé e títí tí kò fi lè gbé e mọ́. Ìyẹn ni pé sítọ́ọ̀dù yẹn ti ń ṣàìsàn kí ẹ tó pààrọ̀ táyà. Ìlà pupa náà nìyẹn: ìdí nọ́ọ̀tì àti ojú rímù ń fín ara wọn, lẹ́búlẹ́bú irin tó ń fín kúrò dógùn-ún, yíyí táyà wá ń jù ú síta, ìdí tí ẹ fi rí i tó tàn láti àárín lọ síta nìyẹn. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìlà yẹn, ẹ gbà pé nǹkan ń mì lábẹ́ nọ́ọ̀tì ọ̀hún, kódà bí ẹ bá fi sípánà kàn án tó dà bíi pé ó le.

Nípa mẹ́sàn-án tó kù, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó já ló ti ń bá a gbé ìpín tiẹ̀ látọjọ́ yẹn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: tí sítọ́ọ̀dù kan bá já, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló já lójú họ́ọ̀bù kan, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Tiyín ìkan ló já ṣùgbọ́n mẹ́ta ti ń mì, èmi ò ní pààrọ̀ ẹyọ mẹ́ta ní tèmi, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá kó dànù, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí táyà yẹn lè ṣe tó bá yọ.

Wíwẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Iná wẹ́dà á ba agbára tí wọ́n fi sínú irin sítọ́ọ̀dù yẹn jẹ́, á wá gan, á já lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Ẹ ò sì ní lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ láé torí nọ́ọ̀tì tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ò ṣeé dì kò ṣeé tú. Fífi páìpù kún un báyìí náà ò ràn yín lọ́wọ́, ojú tó ti jẹ, ojú tó ní ìdọ̀tí, bí ẹ bá fún un títí ilẹ̀ fi ṣú, á tún dẹ̀.

Ẹ yọ táyà méjèèjì kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin, kí ẹ wá wò ó lójú ọ̀sán. Ihò rímù, ṣé ó ṣì rí roboto àbí ó ti gùn bí ẹyin? Ṣé ẹ rí àmì tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyípo ara sítọ́ọ̀dù) tó ti fín ara ihò? Ẹ wò ó bóyá ó ti sán láti ihò kan sí èkejì tàbí láti ihò sítọ́ọ̀dù lọ sí àwọn ihò ńlá tí a máa ń ki ọwọ́ sí. Kí ẹ yẹ rímù inú náà wò o, kì í ṣe ti ìta nìkan. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

Baba_Tirela_Ondo

Òótọ́ lọ̀gá fíttà sọ. Onítípà, ẹ gbọ́ tèmi náà torí mo ti pẹ́ lójú títì, Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀ sí Èkó.

Táyà tuntun tàbí táyà àlòkù, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti tú nọ́ọ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ tún un dì lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀. Kìlómítà 80 sí 160 ni wọ́n sọ. Tí ẹ bá ti Akúrẹ́ lọ Ọ̀wọ̀ tí ẹ padà ẹ ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn. Torí pé ọ̀dà, ìpẹtà, eruku tó wà láàárín irin á fọ́ á tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, àyè kékeré á ṣí sílẹ̀, nọ́ọ̀tì tó le lánàá á wá dẹ̀ lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fọkanáísà kì í bá yín dé Ọ̀wọ̀, dírẹ́bà ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí táyà tutù kí ẹ tó ṣe é.

Láàárọ̀ kí n tó tan ẹ́ńjìnnì mo máa ń rìn yípo, ọwọ́ ni mo máa ń fi kan nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò kàn ń wò ó láti òkèèrè. Mo ń wò ó bóyá ibì kan pupa, bóyá ibì kan ń dán níbi tí kò yẹ kó dán, àti bóyá gbogbo orí sítọ́ọ̀dù yọ jáde lójú nọ́ọ̀tì bákan náà. Èyí tó bá wọ inú ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ tàbí tó yọ jù wọ́n lọ, ìbéèrè nìyẹn. Táyà inú, mo máa ń yọ tọ́ọ̀ṣì sí i láti ojú ihò, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí òkúta tó bá há sáàárín táyà méjèèjì, ẹ̀yin onígíránáìtì ni irú ẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ ra ọ̀dà kékeré, funfun tàbí yẹ́lò. Tí ẹ bá ti di nọ́ọ̀tì tán, tí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn ìrìn yẹn, ẹ fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì bọ́ sára rímù. Lọ́jọ́ tí ìlà yẹn ò bá bá ara ẹ̀ mu mọ́, nọ́ọ̀tì ti yí. Àwọn tírélà kan tó ń wọlé láti òkè òkun máa ń ní ike yẹ́lò tó ní ẹnu ṣóńṣó lórí nọ́ọ̀tì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ẹ má yọ ọ́ sọnù, tí ooru bá sì yọ́ ike yẹn, ẹ lọ wo búréèkì àti bíárìn (irin tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí) yín.

Bíárìn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Táyà míì máa ń yọ tòun ti họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì wà lára ẹ̀ ní dídì, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ nọ́ọ̀tì, bíárìn ló jóná. Tí mo bá dúró níbì kan mo máa ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìtòsí họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, mi ò ní fi kàn án, èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ tàbí tí ọ́ìlì ń jò lára ẹ̀, mi ò ní kúrò níbẹ̀ láìwò ó.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo eléyìí ni pé táyà kan pẹ̀lú rímù ẹ̀ lé ní 100 kílò, ẹ rò ó wò kó já kúrò lára típà tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ wọ Ọwẹ́nà, níbi tí àwọn ìyá pàtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ọmọ ń sá tẹ̀lé mọ́tò láti tajà. Kò ní búréèkì, kò ní hóọ̀nù. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí dírẹ́bà ń ní "mẹ́sàn-án á gbé e". Ta ló fẹ́ bá ìyá yẹn ṣe é?

Tí ẹ bá ti ń wakọ̀ lọ tí ẹ wá gbọ́ ìró tí kò sí tẹ́lẹ̀, kọ̀ kọ̀ kọ̀ láti ẹ̀yìn, tàbí tí ẹ wo dígí tí ẹ rí i pé táyà ń mì lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má tẹ búréèkì lójijì, ẹ dín eré kù jẹ́jẹ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Omo_Idanre

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè méjì torí bàbá mi ní lọ́rì tó ń kó kòkó láti Ìdànrè. Dírẹ́bà wọn máa ń kun gírísì sí gbogbo sítọ́ọ̀dù kó tó wọ nọ́ọ̀tì, ó ní kó má bàa dógùn-ún. Ṣé ó dáa? Ìkejì, ó máa ń fi hámà kan nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ó ní tó bá ti dún gbínrín ó le nìyẹn. Àti pé kí ló dé tó jẹ́ táyà apá òsì ni mo sábà máa ń gbọ́ pé ó yọ?

Fitter_OkeAro

Omo_Idanre, ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ó wà lọ́wọ́ irú nọ́ọ̀tì tó wà lára lọ́rì bàbá yín.

Tó bá jẹ́ irú ti Onítípà, tí ìdí nọ́ọ̀tì tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́ṣà ń yí lára ẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì méjì sí tírẹ́ẹ̀dì sítọ́ọ̀dù níwájú, kí ẹ kán díẹ̀ sáàárín wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì, ó tó. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, tí ìdí nọ́ọ̀tì rí roboto tó ń jókòó sínú ihò rímù, tí ti inú ní nọ́ọ̀tì tiẹ̀ tí ti ìta náà ní tiẹ̀, gbígbẹ ni kí ẹ dì í, ẹ má fi ọ́ìlì kàn án. Gírísì, rárá, nínú méjèèjì. Tó bá ń yọ̀ jù, ọwọ́ yín á rò pé òun ò tíì le tó, ẹ ó wá fa sítọ́ọ̀dù kọjá agbára ẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ọ́ìlì tàbí gírísì wà láàárín rímù àti họ́ọ̀bù, ojú yẹn gbọ́dọ̀ mọ́ kó sì gbẹ torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdìmú wà.

Hámà, kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó ti dẹ̀ pátápátá nìkan ló lè bá yín rí. Nọ́ọ̀tì tó ti pàdánù ìdajì agbára ẹ̀ ṣì lè dún gbínrín. Kó máa lò ó kún ojú àti ọwọ́ o, kó má fi rọ́pò sípánà.

Apá òsì: nọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀, ọ̀tún ni à ń yí i sí kó le. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì mọ́tò tó ń lọ síwájú kí ẹ wo táyà, ẹ ó rí i pé òsì ló ń yí sí, ìyẹn ni ọ̀nà tí nọ́ọ̀tì ọ̀hún ń gbà tú. Tó bá le dáadáa, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá ti dẹ̀ díẹ̀ yíyí yẹn á máa bá a tú u lọ. Ìdí tí àwọn mọ́tò onínọ́ọ̀tì roboto àtijọ́ fi ń lo tírẹ́ẹ̀dì òdì lápá òsì nìyẹn, tí ẹ bá nu orí sítọ́ọ̀dù ẹ̀ dáadáa ẹ ó rí L tí wọ́n tẹ̀ sí i, ti apá ọ̀tún á ní R. Kí mọ́tò bọ́ì tí kò mọ̀ má lọ gun páìpù ní ìdàkejì kó já a.

Enjinia_FUTA

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ páìpù torí mo rí i pé gbogbo èèyàn ń sọ "kó le dáadáa" láìsọ iye tó le dé. Fún àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi Mack tó ń lo nọ́ọ̀tì onídìí pẹrẹsẹ M22 yẹn (ti sítọ́ọ̀dù tó fẹ̀ tó mílímítà 22), 450 sí 500 ft-lb ni, tó jẹ́ bíi 610 sí 680 Nm, ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan ni méjèèjì. Torque wrench, sípánà tó ń fi iye agbára yẹn hàn, ló dáa jù lọ láti fi wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá ní mọ́tò méjì mẹ́ta kó dá owó ra ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ pé kò sí lónìí, ẹ ṣì lè sún mọ́ ọn, ìṣirò lásán ni.

Ẹ wá páìpù tó gbọnrangandan kí ẹ fi bọ sípánà, ẹ jẹ́ kó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbalaja, ẹ wọn mítà 1 láti àárín nọ́ọ̀tì kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹni tó wúwo tó 65 kílò, tó bá dúró jẹ́jẹ́ sórí àmì yẹn, tó di ara mọ́tò mú kó má bàa ṣubú, bíi 640 Nm ló fi tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sáàárín ibi tí à ń wá gẹ́lẹ́. Ẹni 80 kílò, kó dúró sí 80 sẹ̀ǹtímítà. Tí táyà bá ti wà nílẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe lórí jáàkì o.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì. Ẹni 65 kílò yẹn bá lo sípánà tí apá ẹ̀ ò ju ìdajì mítà lọ, 320 péré ló dé, kò tó rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ti bo ojú ẹ̀. Ó bá lọ mú páìpù mítà 2, ó ti di bíi 1275 kó tó fò sókè rárá, tó bá wá fò lé e, mi ò lè kà á mọ́. Sítọ́ọ̀dù tí wọ́n bá fà débẹ̀ ti nà kọjá ibi tó ti lè sún padà, kò ní fún rímù mọ́. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì tuntun sórí ẹ̀, tó bá ń wọlé wẹ́rẹ́ tó wá há láàárín ọ̀nà, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ti nà, ẹ yọ ọ́ dànù.

Gọ́ọ̀nù náà, kò sí ẹni tó mọ iye tó fi dì í. Tí afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ bá ti lọ sílẹ̀ kò ní tó, tó bá kún ó lè ṣe jù. Fún yíyára tu àti yíyára gbé nọ́ọ̀tì wọlé ni, kì í ṣe fún ìparí.

Fokanaisa_RoadBlock

Ẹ ṣé o. Fọkanáísà ni mí, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti àwa náà. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wa máa ń fi gọ́ọ̀nù dì í tán tí wọ́n á ní kí mọ́tò máa lọ, ìyẹn ò dáa, mi ò ní gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olówó mọ́tò àti dírẹ́bà, tí mo bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ n fọ ojú họ́ọ̀bù kí n tó dá rímù padà, ẹ ó ní ẹ ò ráyè, òkúta ń dúró. Ẹ ó kun rímù lọ́dà tó nípọn kó lè dára lójú, inú ihò àti ojú ibi tó ń kan họ́ọ̀bù ẹ ó kùn ún pọ̀, kí ló fẹ́ jẹ́ kí nọ́ọ̀tì má dẹ̀? Ẹ kun ojú tí èèyàn ń rí, ẹ fi ibi tí irin ti ń kan irin sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lọ́dọ̀ mi, nọ́ọ̀tì òkè ni mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ wọ̀, màá lọ sí ti ìsàlẹ̀ tó dojú kọ ọ́, màá máa ṣe é ní ìdojúkọ-ìdojúkọ bẹ́ẹ̀ títí á fi kárí, mi ò jẹ́ dì í tẹ̀léra yípo torí rímù á jókòó ní wíwọ́. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: tí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí rímù onírin lọ sí alumíníọ̀mù tòkúnbọ̀ tó ń dán yẹn, alumíníọ̀mù nípọn ju irin lọ, sítọ́ọ̀dù yín ò ní gùn tó. Ẹni tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ kàn di tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀ mú, tí orí sítọ́ọ̀dù ò dé ojú nọ́ọ̀tì pàápàá, kò tíì di nǹkan kan. Ẹ pààrọ̀ sítọ́ọ̀dù sí èyí tó gùn.

Iya_Paati_Akure

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin. Páàtì mọ́tò ńlá lèmi ń tà. Onítípà, tí ẹ bá ń bọ̀ wá ra sítọ́ọ̀dù, ẹ mú ọ̀kan tí kò tíì já dání, ẹ má wá fi ẹnu júwe ẹ̀. A ó wọn gígùn ẹ̀, a ó wọn ibi tó ti wọ họ́ọ̀bù torí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ há dáadáa, a ó sì fi nọ́ọ̀tì gbìyànjú tírẹ́ẹ̀dì. M22 tó péye, 10.9 ni nọ́ńbà agbára irin ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: tírẹ́ẹ̀dì tó rí gbágungbàgun ní ẹnu, tó dà bíi pé wọ́n kàn gé e sáré, ẹ má gbà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Nọ́ọ̀tì náà, kí wọ́ṣà ẹ̀ máa yí fàlàlà lábẹ́ ẹ̀, èyí tó bá ti gan mọ́ ọn kò wúlò. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ sítọ́ọ̀dù, ẹ pààrọ̀ nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn oníbàárà kan máa ń fẹ́ fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ sórí sítọ́ọ̀dù tuntun, èmi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é.

Onitipa_ObaIle

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ o. Mọ́tò ò kúrò nílẹ̀. A ti yọ táyà méjèèjì, a fọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin. Rímù ìta, ihò mẹ́ta ti gùn, àwọn mẹ́ta tó pupa yẹn náà ni, inú ihò kan sì ní ìlà tírẹ́ẹ̀dì tó hàn kedere bí ẹni tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Láti ihò èyí tó já, ó ti sán lọ sápá ihò ọwọ́, kò tíì dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n èékánná ń kọ́ ọ tí mo bá fi fà á kọjá. Rímù inú, ihò ẹ̀ ṣì rí roboto, ṣùgbọ́n ọ̀dà tó wà lójú ẹ̀ nípọn, ó ti ń ṣí bí èépá. Ojú dírọ́ọ̀mù búréèkì ní ìpẹtà ṣùgbọ́n kò jẹ. Oníbàárà bínú díẹ̀, nígbà tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i ó ní kí n má wulẹ̀ gbé e wá sí sáìtì òun bẹ́ẹ̀. Sítọ́ọ̀dù mẹ́wàá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni mo fẹ́ rà lọ́la. Wẹ́dà tó wà nítòsí ní òun lè kún ihò rímù ìta yẹn kóun sì tún un lu, ṣé ká ṣe é?

Fitter_OkeAro

Rárá o sà. Rímù tó ti sán, tí ihò ẹ̀ ti gùn, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, wẹ́dà ò lè dá a padà, ẹ wá rímù míì tó jẹ́ irú ẹ̀ gan-an. Rímù inú, ẹ bó ọ̀dà yẹn kúrò dénú irin ní gbogbo ojú tó ń kan dírọ́ọ̀mù àti rímù ìta. Kí wọ́n yọ dírọ́ọ̀mù láti ráyè ti sítọ́ọ̀dù àtijọ́ jáde, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀ kí wọ́n wo bíárìn àti síìlì tó ń dá ọ́ìlì dúró fún yín. Ẹ wo àwọn etí kékeré tó yọ lára họ́ọ̀bù tí rímù ń jókòó lé, tó bá ti jẹ, rímù ò ní jókòó sáàárín. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú ti apá ọ̀tún wò, torí ọwọ́ kan náà ló kun rímù méjèèjì lọ́dà.

Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà tí ẹ dì í sínú ìwé kékeré kan nínú mọ́tò, kí dírẹ́bà lè mọ̀ pé tóun bá dé Ọ̀wọ̀ tóun padà, sípánà á jáde. Rímù tó sán yẹn, ẹ má tà á fún àwọn akírinkò tó ń ra àlòkù irin bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tó fẹ́ kún un yẹn gé e sí méjì níṣojú yín, torí tí ó bá jáde lódindi, ẹnì kan á kun un lọ́dà funfun, a sì máa tún un pàdé lábẹ́ mọ́tò ẹlòmíì.

Onitipa_ObaIle

Ó ti yé mi sà. Màá dúró tì í títí tó fi máa gé e.